Ẹ̀rọ gé ìka àbúrò mi níbi iṣẹ́: ṣé kó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé wá?

Ọmọ Ọ̀fin (Ṣàgámù)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíá, ọ̀rọ̀ yìí ò dúró. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ògìjo. Ibi tí wọ́n ti ń lọ ike tó ti fọ́ ni wọ́n fi í sí. Ike há sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n pa iná, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó fà á jáde. Ẹni tó wà lódìkejì ò rí i, ó tan iná padà. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún lọ láti ìdí, ìka àárín lọ láti oríkèé.

Ilé-iṣẹ́ ló san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà, owó oògùn àti ti bándéèjì, àpò wa ló ti ń jáde. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ájẹ́ńtì tó mú un wọ iṣẹ́ náà gbé ìwé kan wá sílé: wọ́n á fún un ní ₦250,000, kó fọwọ́ sí i pé òun ti gba ẹ̀tọ́ òun tán, òun ò ní í béèrè nǹkan kan mọ́ láéláé. Ó ní káṣúà ni ọmọ náà, kò sí lára òṣìṣẹ́ gidi, àánú ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ òsì ni àbúrò mi fi mú bírò, ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ládùúgbò ní ìjọba ní owó kan fún irú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Kọ́lá (Fálàwọ̀)

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á wo ọwọ́ náà sàn. Èmi ò ní í tàn yín, ẹ gba owó yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mákùn fi irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ títí, ó bọ̀ títí, bàtà nìkan ló jẹ. Ẹni tó máa bá olówó ṣẹjọ́, òun náà gbọ́dọ̀ lówó lọ́wọ́. Kó gbà á, kó fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan kékeré. Ohun tó bá ti bọ́ síni lọ́wọ́ là ń pè ní tẹni.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìyá wa, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹjọ́, kò sì sí olówó tí a fẹ́ bá jà. Owó tó ti wà nílẹ̀ ni. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ń jẹun, ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí.

Òfin kan jáde lọ́dún 2010, Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá gba èèyàn síṣẹ́, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe aládàáni, máa san 1% gbogbo owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sínú àpò kan. Ọwọ́ NSITF (Nigeria Social Insurance Trust Fund), àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ni àpò náà wà. Ọ̀gá ló ń san án, kò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́. Tí ẹnìkan bá wá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí iṣẹ́ dá àìsàn sí i lára, tàbí tó kú sí i, inú àpò yẹn ni owó ìtọ́jú àti owó gbà-má-bínú ti máa jáde. Kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá ọ̀gá ló jẹ̀bi àbí ọmọ náà ni kò fiyè sí i. Àwọn ọmọ ogun nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ káṣúà tí ájẹ́ńtì ń sọ yẹn, irọ́ funfun báláú ni. Òfin náà ka òṣìṣẹ́ tó wà fúngbà díẹ̀, èyí tó ń ṣe ààbọ̀ ọjọ́, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, títí kan ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé tí kì í ṣe ẹbí wọn. Àdéhùn ẹnu lásán tó. Ẹ wo ẹni tó ń san owó fún un: ṣé ájẹ́ńtì ni àbí ilé-iṣẹ́? Ẹ̀rí tó bá ti wà ní báńkì ni kí ẹ tẹ̀ jáde.

Ìwé tí wọ́n gbé wá ńkọ́? Òfin yẹn náà sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè bá ọ̀gá ẹ̀ ṣàdéhùn pé òun fi ẹ̀tọ́ òun sílẹ̀. Tó bá ṣe é, àdéhùn náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ sí i, torí ìwé yẹn ni wọ́n á máa nà sí yín lójú tí ẹ bá dé ibikíbi, ẹ ó sì máa fi oṣù ṣàlàyé.

Baba Sìmẹ́ńtì (Ṣàgámù)

Mo ṣiṣẹ́ sìmẹ́ńtì nínú Ṣàgámù yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dáadáa. Akọ̀wé, ẹ ò sọ ọ́ dé ibi tó wà. Ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń san owó fún ẹni tó bá fara pa, tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tó gbà fún un. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, owó oṣù 54 ni wọ́n máa kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń ṣírò ẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ NSITF ṣe wọ̀ ọ́? Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni àwa mọ̀ wọ́n mọ́.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ nìyẹn, Workmen's Compensation Act. Èyí tó jáde lọ́dún 2010 ló pa á rẹ́. Látìgbà yẹn, ọ̀gá ń san owó sí NSITF lóṣooṣù, NSITF ló ń san gbà-má-bínú. Owó ìfẹ̀yìntì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn PFA, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Tí ìwé owó oṣù 54 bá wà nílé yín, ẹ tọ́jú ẹ̀ fún ìtàn.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ ni pé owó oṣooṣù ló sábà máa ń jẹ́ báyìí, kì í ṣe àkópọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí ara ẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ ni ìṣirò. Ti àbúrò Ọmọ Ọ̀fin kò ní í tó ìyẹn, ìka méjì ni. Wọ́n á wo bí ọgbẹ́ náà ṣe dín agbára ìṣiṣẹ́ ẹ̀ kù, wọ́n ní tábìlì tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀: àtàǹpàkò wúwo ju gbogbo ìka yòókù lọ. Mi ò ní í pe iye fún yín, torí owó oṣù ẹ̀ àti ìwé dókítà ló máa sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ Rẹ́mọ (Ìpẹru)

Ẹ má bínú, ẹ ń dá a láàmú lásán ni. Ọjọ́ 14 ni òfin fún un láti sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Ó ti bọ́. Kí ó bẹ ájẹ́ńtì kó fi nǹkan kún ₦250,000 náà, tó bá ti di ₦400,000, kó gbà.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ọ̀rẹ́ Rẹ́mọ, ẹ rọra. Ẹ ti dà á pọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni irú àdàpọ̀ yẹn ti mú kí wọ́n jókòó sílé.

Gbèdéke mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ 14 tí òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Ìkejì ni ọjọ́ 7 tí ọ̀gá fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí NSITF mọ̀ (tó bá jẹ́ ikú ni, kíákíá ni, kì í dúró ọjọ́ méje). Ìkẹta ni ọdún kan tí wọ́n fún ẹni tó fara pa láti gba fọ́ọ̀mù béèrè owó, kó sì dá a padà. Ọdún kan yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò yín, díẹ̀ ló sì jẹ nínú ẹ̀.

Ní ti ọjọ́ 14 yẹn: òfin sọ pé àìkọ̀wé lásìkò lè dí ẹni lọ́nà, àfi tí ọ̀gá tàbí aṣojú ẹ̀ bá ti mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ta ló gbé e lọ sílé ìwòsàn? Ta ló san owó ọjọ́ kìíní? Ta ló gbé ìwé àdéhùn wá sílé? Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Rísíìtì ilé ìwòsàn náà, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá wà lórí ẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀.

Kí ó kọ ìwé lónìí, kó má gùn. Irú èyí:

“Èmi (orúkọ), òṣìṣẹ́ níbi tí a ti ń lọ ike, fara pa ní (ọjọ́), ní nǹkan bí agogo (aago), nílé-iṣẹ́ yín tó wà ní (ibi). Ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún mi nígbà tí mò ń yọ ike tó há. (Orúkọ ẹni méjì) wà níbẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí (ilé ìwòsàn) lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi tó NSITF létí.”

Ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Tí wọn ò bá lù ú, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn àti wáásáàpù máníjà, kí ọjọ́ àti aago lè wà lórí ẹ̀. Ẹ̀dà kan ní kí ẹ fúnra yín gbé lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá sún mọ́ yín.

Ọmọ Ọ̀fin (Ṣàgámù)

Ọlọ́run á san yín lẹ́san gbogbo. Òǹkà ọjọ́ yẹn ló ti ń dẹ́rù bà mí. Ìbéèrè kan ṣá o: mo pe ẹni tó ń rí sí òṣìṣẹ́ níbẹ̀, ó ní tí òun bá fi tó NSITF létí, wọ́n á wá yọ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu, owó tí àwọn ti san nílé ìwòsàn á sì ṣègbé.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Òdìkejì rẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó sí NSITF, tó sì san owó ìtọ́jú látinú àpò ara ẹ̀, lè kó rísíìtì lọ kí NSITF dá owó náà padà fún un. Tó bá sì ń bẹ̀rù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kì í san 1% yẹn déédéé ni, tàbí wọ́n ń san án lórí iye òṣìṣẹ́ tó kéré sí iye tí wọ́n ní. Mo ti rí i lójú ara mi: orúkọ 40 lórí ìwé, èèyàn 120 nínú ọgbà.

Ẹ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: ṣé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí NSITF ti ọdún yìí? Ilé-iṣẹ́ tó bá ń wá kọ́ńtíráàtì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ní in, wọn kì í fẹ́ kí nǹkan kan bà á jẹ́.

Aya Olóògbé (Òde-Rẹ́mọ)

Mi ò sábà máa ń kọ nǹkan síbí. Ọkọ mi kú lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ alẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù gbá ọ̀kadà tó gùn nítòsí Ìńtáṣéńjì. Ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ pé kò kàn wọ́n, pé kò tíì wọgbà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Òfin ka ọ̀nà láti ilé síbi iṣẹ́, àti láti ibi iṣẹ́ sílé. Ó ka ibi tí ènìyàn ti sábà máa ń jẹun àti ibi tó ti ń gba owó ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti mọ̀ nípa ibẹ̀ ṣáájú.

Ibi tó ti fún wa ní wàhálà gan-an nìyẹn. Àdírẹ́sì Ìkẹ́nnẹ́ ló wà nínú fáìlì ẹ̀, a sì ti kó wá sí Òde-Rẹ́mọ. Wọ́n ní kí ló gbé e dé ọ̀nà yẹn. Onílé wa kọ̀wé, mo kó rísíìtì owó ilé jáde, lẹ́yìn náà la rí súpáfáísọ̀ kan tó jẹ́rìí pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ti gbé e dé ilé wa rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ilé kiri Rẹ́mọ, ẹ lọ pààrọ̀ àdírẹ́sì yín lọ́la.

Owó náà ń wọlé lóṣooṣù báyìí. Ìyàwó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù olóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo, ìdá 85. Ti àwọn ọmọ kì í kọjá ọdún 21 tàbí ìgbà tí wọ́n bá parí yunifásítì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé ọlọ́pàá lórí ìjàǹbá náà, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìyàwó tí kò ní ìwé ìgbéyàwó, tí ìdílé ọkọ ò sì fẹ́ràn ẹ̀, á rí nǹkan o. Mi ò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Kọ́lá (Fálàwọ̀)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọkọ yín o, ìyá àwọn ọmọ. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí. Ẹ wò ó, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sọ yẹn, kò kọ ìwé kankan. Ẹnu ló ń fi lọ, tó ń fi bọ̀. Ó lè jẹ́ ohun tó fà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbà pé owó ìjọba máa ń tètè jáde. Kí ni ọmọ náà máa jẹ títí di ìgbà yẹn?

Akọ́kúárì (Ògbèrè)

Ìyá Kọ́lá béèrè ohun tó yẹ. Ó pẹ́. Tèmi pẹ́. Kì í ṣe ọgbẹ́ ni tèmi, etí ni. Ọdún púpọ̀ ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ní kúárì, kò sẹ́ni tó fún wa ní ohun ìdìtí. Nígbà tó yá, ìyàwó mi á máa pè mí láti ilé ìdáná, mi ò ní í gbọ́, ó rò pé mò ń dágunlá sí òun.

Àìsàn tó ti ibi iṣẹ́ wá wà nínú òfin náà, etí dídi wà níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró tí eruku ti bà jẹ́ wà níbẹ̀, májèlé òjé pẹ̀lú (ẹ̀yin ará Ògìjo tí ẹ ń yọ́ bátìrì, ẹ gbọ́ o). Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi hàn pé iṣẹ́ ló fà á, kì í ṣe ọjọ́ orí tàbí gbohùngbohùn ilé ìjọsìn. Dókítà tó kàn kọ “kò gbọ́ràn dáadáa” ò ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ etí ní OOUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ṣàgámù, ni mo lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ dán an wò, wọ́n ya bí ìgbọ́ràn mi ṣe rí sórí ìwé. Mo sọ fún dókítà iṣẹ́ tí mò ń ṣe, iye ọdún, bí ariwo ṣe pọ̀ tó, mo ní kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ dá fáìlì mi padà pé kò pé.

Ọmọ Ọ̀fin, ẹ bi dókítà àbúrò yín bóyá á lè di nǹkan mú, á lè kọ̀wé, á lè gbé ẹrù. Kó kọ ọ́. “Ìka méjì ti gé” nìkan ò tó.

Ọ̀rẹ́ Rẹ́mọ (Ìpẹru)

Ó dáa, mo gbà lórí ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ ò bá forúkọ sílẹ̀ ní NSITF rárá ńkọ́? Àwọn tó wà lójú ọ̀nà Ògìjo yẹn, ẹ ò lè sọ fún mi pé gbogbo wọn ló ń san owó.

Lọ́yà Ọmọ Ìjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Gbogbo wọn kọ́ ló ń san án. Ẹni tí kò san ti ṣẹ̀ sí òfin, NSITF sì lè lé e fún owó ọ̀hún pẹ̀lú owó ìtanràn lórí ẹ̀. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí, torí ìwé yín ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà wà.

Lẹ́yìn náà, òfin àwọn ilé-iṣẹ́, Factories Act, sọ pé apá ẹ̀rọ tó bá léwu gbọ́dọ̀ ní ìdáàbòbò. Ẹ̀rọ tí ẹnìkan lè tàn nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú ẹ̀, àwọn aṣàyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré gbé e lọ sí kóòtù lónìí. Lábẹ́ òfin 2010, gbà-má-bínú NSITF ló dípò ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ ì bá pe ọ̀gá ẹ̀, ẹ ò lè jẹun méjì. Tí NSITF bá dá ìdájọ́ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ 180 wà láti pè é lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ wọn, kó tó kan kóòtù òṣìṣẹ́, National Industrial Court.

Owó lọ́yà ò sí? Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ibi iṣẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kàn má lọ lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.

Ọmọ Ọ̀fin (Ṣàgámù)

A ti gbé ìwé lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì kọ̀ láti gbà á, a fi ránṣẹ́ sí ímeèlì, mo tún fi sí wáásáàpù máníjà, ó ti rí i. Kò tíì dáhùn. Ájẹ́ńtì ti pè, ó ní ₦350,000 báyìí.

Ọ̀gá Pákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ara mi ò balẹ̀. Sọ́ọ̀mìlì kékeré ni mo ní, ọmọṣẹ́ mẹ́rin, méjì nínú wọn ń kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé èmi náà wà lára wọn. Tí ayùn bá wá gé ẹnìkan, ṣé èmi ni máa rù ú? Mo rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni.

Akọ̀wé Òṣìṣẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wà lára wọn, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ náà sì wà lára wọn. Ẹ ṣírò ẹ̀ ná: tí gbogbo owó tí ẹ ń san fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóṣù bá jẹ́ ₦300,000, ₦3,000 ni 1% ẹ̀. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ayùn gé lọ́wọ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ èèyàn níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo wọn, títí kan èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá.

Ọ̀gá Pákó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

₦3,000? Ajé ni mo máa lọ.